Ará Ògbómọ̀ṣọ́, ìbéèrè wo ká fún aṣojú wa kó lọ bi ìjọba lórí ọ̀rọ̀ iná sólà yìí?

Ọmọ_Arówómọlẹ̀ kọ pé:

Ẹ kú àárọ̀ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ kẹ́ ẹ yá mi lọ́gbọ́n. Wọ́n fìwé ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa pé aṣojúṣòfin ń bọ̀ wá bá ará ìlú jókòó, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìbéèrè tó bá fẹ́ kí wọ́n bá òun gbé dé Àbújá sílẹ̀, kì í ṣe ti "ẹ bá wa ra tíránsífọ́mà" o, wọ́n ní ọ̀rọ̀ òfin àti ètò ìjọba ni. Ni wọ́n bá dì í mọ́ mi lọ́rùn torí wọ́n ní èmi ni mo máa ń ka ìròyìn. Mo ní ká gbé ọ̀rọ̀ sólà lọ, torí kò sí ilé tí kò kàn mọ́ báyìí, ẹni tí kò ní ínfátà ní àtùpà sólà, ẹni tí kò ní àtùpà ń lọ gba chájì fóònù lọ́dọ̀ ẹni tó ní.

Àbúrò ìyàwó mi tó ń kàwé ní Íńdíà ló fi hàn mí pé lọ́dọ̀ tiwọn níbẹ̀, àwọn aṣòfin máa ń kọ ìbéèrè sí mínísítà, ìdáhùn á sì jáde síta kí gbogbo ayé kà á: ìpínlẹ̀ báyìí, mẹ́gáwáàtì mélòó, ètò báyìí, eélòó ni wọ́n yà sọ́tọ̀, eélòó ni wọ́n ti ná. Mo ka díẹ̀ nínú ẹ̀, ó wù mí gan-an. Ṣé tiwa náà ní irú ẹ̀? Tó bá sì wà, kí la lè béèrè tí wọn ò fi ní kàn sọ fún wa pé "ìjọba ń sa gbogbo ipá ẹ̀"? Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ ni "Kí ni ìjọba ń ṣe lórí iná sólà?", ìyàwó mi kà á, ó ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ di alẹ́ ni.

Lọ́yà_Akẹ̀sán kọ pé:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, wọ́n ti dáhùn ìdajì ohun tẹ́ ẹ béèrè. Ìbéèrè tó bá fẹjú bẹ́ẹ̀, mínísítà ò tiẹ̀ nílò irọ́ kó tó dáhùn ẹ̀, á kàn máa ka orúkọ ètò lọ rẹrẹẹrẹ títí oorun á fi gbé gbogbo yín lọ ni.

Ti Íńdíà yẹn, òótọ́ ni. Ní Lok Sabha, ilé aṣojúṣòfin tiwọn, wákàtí àkọ́kọ́ tí wọ́n bá jókòó, ti ìbéèrè ni. Èyí tí wọ́n bá sàmì ìràwọ̀ sí, mínísítà á dìde dáhùn ẹ̀ lẹ́nu, wọ́n sì lè fi òmíràn tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Èyí tí kò bá ní ìràwọ̀, ní kíkọ ni wọ́n á dáhùn ẹ̀. Wọ́n tún wá ní ilé iṣẹ́ mínísítà kan tó jẹ́ pé iná oòrùn, ti afẹ́fẹ́ àti irú wọn nìkan niṣẹ́ ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ pé "ọ̀dọ̀ mi kọ́, ẹ lọ sọ́dọ̀ lágbájá". Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọmọ ilé aṣòfin ni mínísítà tiwọn. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. SLA Akíntọ́lá wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n tó di Prẹ́míà Ìwọ̀ Oòrùn ní 1959, wọ́n ti ṣe mínísítà, wọ́n ti ṣe olórí alátakò nílé aṣòfin l'Ékòó, ojú kan náà ni ẹni tó ń béèrè àti ẹni tó ń dáhùn jókòó sí. Àtìgbà tá a ti gba ètò ìjọba irú ti Amẹ́ríkà ní 1979 ni mínísítà ò ti jókòó níbẹ̀ mọ́, àfi tí wọ́n bá ránṣẹ́ pè é.

Ṣùgbọ́n òfin ò fi àwọn aṣòfin sílẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo o. Abala 67 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sọ pé tí ilé bá pe mínísítà kó wá ṣàlàyé bó ṣe ń darí ilé iṣẹ́ ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wá. 88 ní kí wọ́n ṣèwádìí ẹnikẹ́ni tó bá ń ná owó tí wọ́n fọwọ́ sí. 89 ní wọ́n lè ní kó kó ìwé wá, tó bá sì kọ̀ tí kò wá, wọ́n lè fi wáráǹtì gbé e. Torí náà ẹ má kọ lẹ́tà yín bí ìgbà téèyàn ń tọrọ owó ọkọ̀. Ẹ ní kí aṣojú gbé e síwájú ilé gẹ́gẹ́ bí àbá, tàbí kó fi ránṣẹ́ sí kọmítì, kẹ́ ẹ sì dárúkọ ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ.

Oníná_Sábó kọ pé:

Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin àgbà. Èmi ò mọ abala kankan, wáyà ni mo mọ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi iná òpópónà ṣíwájú gbogbo ìbéèrè yín, torí ibẹ̀ lowó ń wọ̀ tí kò jáde.

Mo ti tú orí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ wò. Èyí tí wọ́n ń gbé wá jù ni èyí tí gbogbo ẹ̀ wà lójú kan, pánẹ́ẹ̀lì lókè, bátìrì àti gílóòbù lábẹ́ ẹ̀ nínú irin pẹlẹbẹ kan ṣoṣo. Bátìrì ò fẹ́ràn ooru rárá, ẹ wá lọ tì í mọ́ abẹ́ pánẹ́ẹ̀lì tí oòrùn ń yan láti aago méje àárọ̀. Tẹ́ ẹ bá tú síkúrúù ẹ̀, ẹ máa rí sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí wọ́n fi sẹ́ló té̩è̩pù dì pọ̀, òmíràn ti wú, òmíràn ti ń sun omi, wáyà tín-ín-rín kan ló so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Wọ́n á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀ pé 300 wáàtì. Irọ́ gbuu. Pánẹ́ẹ̀lì 300 wáàtì tòótọ́ ga ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, èèyàn méjì la fi ń gbé e gun òrùlé, èyí tó wà lórí òpó yẹn ò ju tíréè tí wọ́n fi ń gbé ọtí fún àlejò lọ. Ó máa tàn dáadáa ní oṣù ìbẹ̀rẹ̀, ojú gbogbo èèyàn á là, wọ́n á ya fọ́tò. Tí ọyẹ́ bá dé tí eruku bò ó, tí kò sẹ́ni tó gun òkè lọ nù ún, ó di aago mẹ́wàá alẹ́ ó ti kú, lẹ́yìn ìyẹn kò ní tàn mọ́ rárá.

Ìbéèrè tèmi nìyí: nínú owó tí wọ́n kọ sí kọ́ńtíráàtì, eélòó ni fún àtúnṣe? Ta ló ni òpó yẹn lẹ́yìn tí kọngílá bá ti gbowó ẹ̀ tán, ṣé káńsù ni àbí ìpínlẹ̀ àbí àjọ tó gbé e wá? Èyí tí mo bá wọn ṣe nínú ẹ̀, owó rírà àti owó rírì òpó nìkan ló wà nínú ìwé, wọn ò kọ kọ́bọ̀ kan sílẹ̀ fún bátìrì ọdún kẹta. Ẹ bá mi béèrè irú bátìrì tí wọ́n kọ sínú ìwé pẹ̀lú, torí lítíọ́ọ̀mù tòótọ́ tí wọ́n gbé sínú àpótí tiẹ̀ nísàlẹ̀ òpó máa ń pẹ́ dáadáa, òun ló kàn wọ́n.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n pa gbogbo sólà pọ̀ o. Omi ẹ̀rọ sólà ò nílò bátìrì, tí oòrùn bá ti là ó ń fa omi sí táńkì, omi inú táńkì yẹn lẹ máa lò lálẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí omi ẹ̀rọ sólà tó ti kú, tí wọ́n sọ fún yín pé bátìrì ni, wọ́n ń tàn yín jẹ ni. Ó lè jẹ́ pọ́ńpù ló jóná, ó lè jẹ́ wọ́n ti jí pánẹ́ẹ̀lì, ó sì lè jẹ́ pé ihò yẹn ò kan omi látìbẹ̀rẹ̀, ìgbà òjò ni wọ́n gbẹ́ ẹ.

Ìyá_Gàárì_Oríire kọ pé:

Ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́run á máa wà pẹ̀lú yín. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ o. Ọ̀nà Ìkòyí-Ilé lèmi ti ń ṣe gàárì, òpó iná ò dé ọ̀dọ̀ wa rí, dísù la fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Ẹ̀yin náà mọ bí dísù ṣe dà. Ẹni tó ń bá wa lọ̀ ọ́ náà ń sunkún, àwa tó ń gbé e wá ń sunkún, tá a bá ta gàárì tán owó lílọ ti gbé èrè lọ.

Àwọn ọmọ kan wá lọ́jọ́ kan, wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n kọ orúkọ gbogbo ilé, wọ́n bi mí pé ẹ̀rọ mélòó ló wà, wọ́n ní àwọn máa gbé sólà tí gbogbo abúlé á jọ máa lò wá. Wọ́n yà wá ní fọ́tò. A ò rí wọn mọ́. Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ mínísítà ibi tí orúkọ wa wà. Ẹ tún bá mi béèrè eélòó ni wọ́n fẹ́ tà á, torí ọmọ àbúrò mi wà níbi tí wọ́n ti ní irú ẹ̀, ó ní iná ń wà lóòótọ́ ṣùgbọ́n ó wọ́n ju ti nẹ́pà lọ. Ṣé àwa tá a wà nínú oko ló wá yẹ ká san owó iná tó wọ́n jù ni?

Akẹ́kọ̀ọ́_UnderG kọ pé:

Màmá, ẹ kúuṣẹ́ mà. Ibi tẹ́ ẹ béèrè sí yẹn gan-an ló yẹ kí aṣojú béèrè sí. Mini-grid ni wọ́n ń pè é, ẹ jẹ́ ká pè é ní sólà abúlé. Ohun tó jẹ́ kó wọ́n ni pé ẹni tó gbé e wá ló ra pánẹ́ẹ̀lì, ló ra bátìrì, ló rì òpó, ló ra mítà, ìwọ̀nba ilé tó wà nínú abúlé yẹn ló sì máa pín gbogbo ẹ̀ sí lórí. Ti nẹ́pà, ìjọba ń bá wa gbé lára ẹ̀ láìjẹ́ pé a mọ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní April 2024 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún níná jù, ó fò láti bíi náírà 68 sí 225 lórí kìlówáàtì wákàtí kan, gbogbo ìlú pariwo. Torí náà ìbéèrè gidi ni pé kí ló dé tí ìrànwọ́ fi ń lọ fún ará ìlú tó ti ní òpó, tí ará oko á wá san gbogbo owó ẹ̀ pátá?

Lóòótọ́ owó ìrànwọ́ kan wà fún àwọn tó ń kọ́ sólà abúlé. Ní December 2023 Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò kan tí wọ́n ń pè ní DARES, àjọ iná ìgbèríko, REA, ló ń mójú tó o, wọ́n ní èèyàn mílíọ̀nù 17 àtààbọ̀ ló máa kàn. Owó yíyá ni o, àwa náà la máa san án. Kí aṣojú kàn béèrè pé: abúlé wo ní Oríire, Sùúrùlérè àti Ògo Olúwa ló wà nínú ìwé yẹn, kí ni orúkọ ilé iṣẹ́ tó gba ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìgbà wo ni wọ́n máa parí ẹ̀. Ìbéèrè yẹn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, kò ṣeé fò.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ kí màmá mọ̀: nínú òfin tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iná, ṣe lórí sólà abúlé ní 2023, èyí tí kò bá tó 100 kìlówáàtì, ìforúkọsílẹ̀ ti tó, èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ títí dé mẹ́gáwáàtì 1 ni ìwé àṣẹ wà fún. Wọ́n sì lè bá abúlé ṣe àdéhùn iye tí wọ́n máa tà á, tí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó máa lò ó bá fọwọ́ sí i. Torí náà tí àwọn ọmọ yẹn bá padà wá, ẹ má tọwọ́ bọ ìwé tí wọn ò kọ iye owó sí mà, ẹ ní kí wọ́n kà á létí gbogbo yín. Ẹ tún bi wọ́n pé ṣé ó máa gbé ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ yín, torí àwọn kan á ṣe èyí tó jẹ́ pé gílóòbù àti fóònù nìkan ló lè gbé.

Oníná_Sábó kọ pé:

Àbúrò sọ̀rọ̀ gidi níbi ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ yẹn. Mọ́tò tó ń lọ ẹ̀gẹ́, nígbà tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, á fa iná tó ìlọ́po márùn-ún tàbí mẹ́fà èyí tó máa lò tó bá ti ń yí lọ. Tí wọn ò bá ṣírò ìyẹn mọ́ ọn, gbogbo ìgbà tí màmá bá tan ẹ̀rọ ni iná abúlé máa kú, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín jà.

Ó_Ti_Sú_Mi kọ pé:

Ẹ máa kọ, ẹ máa kọ. Ìbéèrè ò tan iná.

Ní 2016 wọ́n bá ilé iṣẹ́ sólà 14 tọwọ́ bọ̀wé, gbogbo ẹ̀ pọ̀ lé ní mẹ́gáwáàtì 1,000, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa iye tí wọ́n máa rà á, ẹ̀yìn ìyẹn kí lẹ gbọ́? Ní 2020 nígbà kòrónà wọ́n ní sólà máa wọ ilé mílíọ̀nù 5. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni 30-30-30 wọn: mẹ́gáwáàtì 30,000 tó bá fi máa di 2030, kí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ jẹ́ ti oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́. 2030 ti dé ẹnu ọ̀nà, ẹ bi nẹ́pà mẹ́gáwáàtì mélòó ni wọ́n ń pín káàkiri lónìí, ẹ ò ní gbọ́ 10,000. Ààrẹ Bùhárí náà lọ sí Glasgow ní 2021, ó ní tó bá fi máa di 2060, èéfín tó ń ba ayé jẹ́ tí Nàìjíríà bá ń tú síta ò ní ju èyí tí wọ́n lè fà padà lọ. Ta ló máa wà láyé lọ béèrè ní 2060?

Àwọn aṣojúṣòfin yín tẹ́ ẹ fẹ́ fún níwèé yìí náà gbé kọmítì dìde pé àwọn ń wádìí owó tó ju bílíọ̀nù 2 dọ́là lọ tó wọlé nítorí irú iná yìí láti 2015. Àriwo pọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Bọ́jẹ́ẹ̀tì 2025 wá gbé bílíọ̀nù 10 náírà kalẹ̀ láti gbé sólà fún ilé Ààrẹ ní Aso Rock. Tí Ààrẹ fúnra ẹ̀ bá ń sá fún nẹ́pà, kí lẹ tún fẹ́ bi mínísítà?

Lọ́yà_Akẹ̀sán kọ pé:

Ọ̀gá Ó_Ti_Sú_Mi, ẹ ò purọ́, àmọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn, ìbéèrè tó dáa ló wà nínú ẹ̀, ẹ kàn ń fi ìbínú sọ ọ́ ni. "Ilé iṣẹ́ 14 ti 2016, èwo nínú wọn ló ti kọ́ ohunkóhun, èwo ni wọ́n ti fagi lé?" Ìdáhùn ẹ̀ ò ju ojú ìwé kan lọ. "Ilé mílíọ̀nù 5 ti 2020, mélòó ni wọ́n ti ṣe ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́?" Nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ìlérí tó bá ní ọjọ́ àti iye nínú rọrùn láti béèrè, ìlérí tí kò ní ọjọ́ ni wọ́n fi ń pa wá.

Àti pé nígbà tí mínísítà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ ní 2025 pé wọ́n fẹ́ fòfin de kíkó pánẹ́ẹ̀lì wọlé láti òkè òkun, ilé aṣojúṣòfin ló dìde pé kí wọ́n dá a dúró ná. Oníná_Sábó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́, ẹ sọ fún wọn bó ṣe rí lọ́jà lọ́sẹ̀ yẹn.

Ẹ wá kíyè sí nǹkan kan níbẹ̀ o: mínísítà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kì í ṣe mínísítà iná. Àjọ Energy Commission wà lábẹ́ ti sáyẹ́ǹsì, REA wà lábẹ́ ti iná. Tẹ́ ẹ bá kọ ìbéèrè yín sí ẹni tí kì í ṣe tiẹ̀, ìdáhùn tẹ́ ẹ máa gbà ni pé ọ̀rọ̀ ò kàn án, ọdún kan á sì ti lọ.

Oníná_Sábó kọ pé:

Há, ọ̀sẹ̀ yẹn! Àwọn oníṣòwò ńlá l'Ékòó bẹ̀rẹ̀ sí í pa pánẹ́ẹ̀lì mọ́, ẹni tó ti fún mi lówó iṣẹ́ sílẹ̀ ń pè mí láàárọ̀ lálẹ́ pé kí n má fowó òun ṣeré. Àwa ò kọ̀ kí wọ́n máa ṣe é ní Nàìjíríà, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é kó pọ̀ ná, ká rà á, ká rí i pé ó dáa, kí wọ́n tó tilẹ̀kùn mọ́ èyí tó ń wọlé.

Ọmọ_Ìsẹ́yìn kọ pé:

Ẹ dákun, ṣé sólà nìkan ni iná tí kì í tán ni? Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ ẹ gbàgbé wa. Ìdídò Ìkéré Gorge wà lọ́dọ̀ wa nínú ìpínlẹ̀ yìí kan náà, lórí odò Ògùn, láti ayé Ṣàgàrí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n ní ó máa fún oko lómi, ó máa fún ìlú lómi mímu, ó sì máa mú mẹ́gáwáàtì 6 iná wá. Omi wà níbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ẹja wà níbẹ̀, àwọn apẹja ń jẹun níbẹ̀. Iná ò jáde. Mẹ́gáwáàtì 6 kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kainji tó jẹ́ 760, mo mọ̀, àmọ́ odi ti wà nílẹ̀, omi ti wà nílẹ̀, apá tó wọ́n jù ti parí.

Èyí tí Lọ́yà sọ yẹn ló ń pa tiwa náà. Tẹ́ ẹ bá bi mínísítà iná, á ní ilé iṣẹ́ omi ló ni ìdídò, òótọ́ sì ni, àjọ odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ló ń mójú tó o, abẹ́ mínísítà omi ni wọ́n wà. Tẹ́ ẹ bá bi ti omi, á ní iná kì í ṣe iṣẹ́ òun. Ẹ ní kí wọ́n pe àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà sí yàrá kan náà.

Ọmọ_Arówómọlẹ̀ kọ pé:

Ẹ ṣé gan-an ni gbogbo yín. Mo ti ń kọ ọ́ bọ̀. Nǹkan kan ló wá ń dà mí láàmú, mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé e síwájú ẹgbẹ́. Iná òpópónà tí Oníná_Sábó ní ká fi ṣíwájú yìí, àwọn aṣòfin kan náà ni wọ́n máa ń gbé e wá, wọ́n á lẹ orúkọ wọn mọ́ ara òpó. Ṣé a máa wá gbé ìwé fún aṣòfin pé kó lọ béèrè ìdí tí iná aṣòfin fi kú ni?

Lọ́yà_Akẹ̀sán kọ pé:

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ tí òfin yàn fún wọn ni kí wọ́n máa bi ẹni tó ń náwó, àwa ará ìlú la yí i padà, aṣòfin tó bá béèrè ọ̀rọ̀ dáadáa l'Ábújá tí kò gbé òpó sólà àti ọ̀kadà wálé, a ó ní kò ṣe nǹkan kan. Torí náà òun náà ti di ẹni tó ń gbé iṣẹ́ fún kọngílá, ta ló máa wá lọ fi ìbéèrè bi ara ẹ̀?

Bẹ́ ẹ ṣe máa gbé e nìyí. Iṣẹ́ ẹkùn ìdìbò, aṣòfin ò gba owó ẹ̀ sọ́wọ́ lójú ìwé, àjọ ìjọba kan ni wọ́n gbé e sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, nígbà mìíràn àjọ tí iṣẹ́ ẹ̀ ò jọ mọ́ iná rárá. Ẹ má béèrè "ta ló gbé e wá". Ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ tí owó ẹ̀ wà lórúkọ ẹ̀: òpó mélòó, sí òpópónà wo, irú bátìrì wo, ta ló gbà á lọ́wọ́ kọngílá, ta ló ń tún un ṣe. Ẹ má dárúkọ aṣòfin kankan. Tó bá jẹ́ olóòótọ́, inú ẹ̀ á dùn pé ẹ bá òun béèrè, torí òun náà ò mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì tó wú ni wọ́n gbé fún òun. Tí kò bá sì fẹ́ gbé e, ẹ fúnra yín kọ lẹ́tà sí àjọ náà lábẹ́ òfin FOI ti 2011, èyí tó fún ará ìlú láṣẹ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dá yín lóhùn, wọ́n lè fi méje mìíràn kún un. Kí ẹnikẹ́ni ní ìpínlẹ̀ má sọ fún yín pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kan àwọn: ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní April 2025 pé ó kan ìpínlẹ̀ náà.

Ohun tó kù ni pé kì í ṣe Àbújá nìkan lẹ máa kọ ọ́ sí. Láti 2023 tí wọ́n ti tún òfin orílẹ̀-èdè ṣe, tí òfin iná tuntun sì jáde lóṣù June ọdún yẹn, ìpínlẹ̀ lè ṣe òfin iná tiẹ̀, ó lè mú iná wá, ó lè pín in, kódà níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ dé. Ọ̀yọ́ sì wà lára àwọn tó ti gba àkóso náà lọ́wọ́ NERC, a ti ní àjọ tiwa. Sólà abúlé màmá, àjọ yẹn ló máa bá a wí báyìí. Torí náà ẹ kọ ẹ̀dà kan sí ọmọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ tó ń ṣojú yín ní Agodi n'Íbàdàn, abala 128 àti 129 fún àwọn náà láṣẹ irú ti Àbújá.

Ó_Ti_Sú_Mi kọ pé:

Ó dáa. Ẹ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ gba ìdáhùn síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà yín pé àwọn gbà á. Mo ti kọ irú lẹ́tà yìí rí, wọ́n ní àwọn ò rí i.

Ọmọ_Arówómọlẹ̀ kọ pé:

Ó ti yé mi. Mẹ́rin péré ni mo máa gbé lọ, èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ wọn ò ní kà á. Ti iná òpópónà bí Lọ́yà ṣe tò ó. Ti abúlé tó wà nínú ìwé DARES ní Oríire, Sùúrùlérè àti Ògo Olúwa, pẹ̀lú iye tí wọ́n fẹ́ tà á àti bóyá ó máa gbé ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́. Ti ilé iṣẹ́ 14. Ti Ìkéré Gorge, sí mínísítà méjèèjì. Ti Aso Rock mo yọ ọ́ kúrò, ọ̀gá ẹ má bínú, tá a bá fi í síbẹ̀ òun nìkan ni wọ́n máa fi ṣe àríyànjiyàn lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá_Gàárì_Oríire kọ pé:

Ọmọ mi, ẹ kọ orúkọ abúlé wa síbẹ̀ o, ẹ má kàn kọ Oríire, Oríire fẹ̀. Mo máa ní kí ọmọ mi fi ránṣẹ́ sí yín níkọ̀kọ̀. Ọjọ́ wo ni ìpàdé náà? Àwa obìnrin tó ń ṣe gàárì lè wá, a máa jókòó síwájú.

Ọmọ_Arówómọlẹ̀ kọ pé:

Màmá, Sátidé ni, aago mẹ́wàá, ẹ wá mà. Oníná_Sábó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi ya fọ́tò inú iná òpópónà tẹ́ ẹ bá tú, kí sẹ́ẹ̀lì tó wú yẹn hàn dáadáa, mo fẹ́ so ó mọ́ ìwé.

Oníná_Sábó kọ pé:

Ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi tí mo ti tú sílẹ̀. Mo máa gbé e wá fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n fojú ara wọn rí i.